Ṣé lóòótọ́ ni òfin ò mojú ẹnì kankan? Ọ̀rọ̀ obìnrin àti aláwọ̀ dúdú ní kóòtù Amẹ́ríkà

Àbúrò mi kan tó ń kàwé nípa ọ̀rọ̀ ọ̀daràn ní yunifásítì ló kọ̀wé sí mi, ó ní: "Àǹtí Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa. Ẹnì kan ní ní Amẹ́ríkà, obìnrin ń jẹ̀gbádùn ní kóòtù, pé ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń dá fún wọn kì í tó tọkùnrin. Ẹlòmíì ní irọ́ gbuu ni, pé ojú obìnrin ń rí màbo níbẹ̀. Ti aláwọ̀ dúdú wá ńkọ́, ṣebí òfin kan náà ni wọ́n kọ fún gbogbo wọn? Èwo ni ká gbà, kí sì ni mo lè mú nínú ẹ̀ fi ṣe prọ́jẹ́ẹ̀tì?"

Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́, ìdí nìyẹn tí ìjà yẹn ò fi lè parí.

Jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti ẹni tó ní obìnrin ń jẹ̀gbádùn, torí mo mọ̀ pé òun ni wọ́n máa pariwo lé lórí jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Michigan, Sonja Starr, gbé ìwádìí kan jáde ní 2012 lórí àwọn kéèsì ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ó kó ọkùnrin àtobìnrin tí ẹ̀sùn wọn jọra, tí ohun tí wọ́n ti ṣe sẹ́yìn náà jọra, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó wá rí i pé ẹ̀wọ̀n tọkùnrin fi nǹkan bí ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún gùn ju tobìnrin lọ. Àlàfo yẹn kì í ṣe kékeré rárá. Ṣùgbọ́n lọ wo ìwé òfin wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, o ò ní rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n ṣàánú obìnrin. Lọ́yà ìjọba ló wò ó pé ìyá ọmọ nìyí, ó wá yọ ẹ̀sùn tó le jù kúrò, adájọ́ náà wò ó, ó dín in kù sí i. Àánú ni, àánú ò sì burú, àmọ́ ẹni tó ń ṣàánú ló ń yan ẹni tó máa ṣàánú fún. Obìnrin tó bá jọ èyí tó wà lọ́kàn ẹ̀, oníwà pẹ̀lẹ́, ìyàwó ilé, tó ń sunkún, yóò rí àánú gbà. Èyí tójú ẹ̀ le, tó ń lo oògùn, tó ń ta ara ẹ̀, tó máa ń dáni lóhùn, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀.

Ibi tí mò ń lọ rèé o. Tó o bá fẹ́ mọ ibi tí ojúsàájú ń gbà wọlé, má kàn jókòó ti ìwé òfin. Lọ wá ibi tí wọ́n ti gbé ìpinnu lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni ò sì ní bi í pé kí ló dé. Láti ojú títì dé ẹ̀wọ̀n, irú ibi bẹ́ẹ̀ pọ̀ bí nǹkan míì.

Ojú títì la ti máa bẹ̀rẹ̀. Láti 1968 ni kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti gbà fún ọlọ́pàá pé kó dá èèyàn dúró tó bá ṣáà ti ní ìfura tó ní ìdí. Ìfura ta? Ìfura ọlọ́pàá náà ni. Ní New York, láti oṣù kìíní 2004 títí dé oṣù kẹfà 2012, ìgbà mílíọ̀nù 4.4 ni wọ́n dá èèyàn dúró báyìí, ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ jẹ́ aláwọ̀ dúdú tàbí Hispanic, ìyẹn àwọn tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Spanish. Fọ́ọ̀mù kan wà tí ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ kọ lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ti tẹ àwọn ìdí sórí ẹ̀ pẹ̀lú àpótí kéékèèké, kó kàn fa ìlà ni, ọ̀kan nínú àpótí yẹn túmọ̀ sí pé onítọ̀hún ń ṣe bí ẹni tó ń yọ́ kẹ́lẹ́. Ìwọ wò ó, ta ni ọlọ́pàá máa yọ sí lójijì tí kò ní ṣe bákan? Nínú àwọn tí wọ́n fọwọ́ pa lára yẹ̀ wò, ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n bá ohun ìjà lára wọn. Ní 2013 ni Adájọ́ Shira Scheindlin sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é yẹn ta ko ìwé òfin ilẹ̀ wọn. Ẹni tí wọn ò bá dá dúró, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó wà lápò ẹ̀, ẹni tí wọ́n ń dá dúró lójoojúmọ́ ni orúkọ ẹ̀ máa wọ̀wé, tó bá tún wá dé kóòtù lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á ní ṣebí ó ti ní rẹ́kọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀. Báyìí ni ìpinnu ẹnì kan lójú títì ṣe ń bímọ sínú ìpinnu ẹlòmíì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni béèlì. Kalief Browder, ọmọ ọdún 16 ní Bronx, ni wọ́n mú ní 2010 pé ó jí báàgì àgbékọ́ ẹ̀yìn. Béèlì ẹ̀ jẹ́ dọ́là 3,000, ilé wọn ò rówó ẹ̀ san, ló bá di pé ọmọ náà lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta ní àhámọ́ Rikers, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ní yàrá àdáwà, tí kéèsì náà ò bẹ̀rẹ̀ rárá. Wọ́n ní kó jẹ́wọ́ kó máa lọ sílé, ó ní òun ò jalè, òun ò ní jẹ́wọ́. Nígbà tó di 2013 wọ́n fagi lé ẹ̀sùn náà. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ló gbẹ̀mí ara ẹ̀. Èèyàn mélòó ló lè dúró bíi tiẹ̀? Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ wọn, ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi ni kò ṣẹjọ́ kankan, wọ́n kàn jẹ́wọ́ ni. Ohun tí lọ́yà ìjọba bá kọ sórí ìwé ẹ̀sùn ló ń pinnu gbogbo ẹ̀, torí àwọn ẹ̀sùn kan ní iye ọdún tí adájọ́ ò lè dín kù. Wàá rí i pé adájọ́ tá à ń rò pé òun lọ̀gá, lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ti dá ẹjọ́ náà tán kó tó dọ́dọ̀ ẹ̀.

Nígbà míì ṣá o, òfin fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é, tí kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Òfin oògùn olóró tí wọ́n ṣe ní 1986 ní kí ẹni tí wọ́n bá bá crack gíráàmù 5 lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń tà á lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ó kéré tán. Kokéènì oníyẹ̀fun ńkọ́? Àfi kó pé gíráàmù 500. Nǹkan kan náà ni méjèèjì o, kokéènì ni wọ́n fi ń sè crack, àmọ́ aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń mú fún crack. Ọdún 24 ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Ní 2010 wọ́n sọ ọ́ di 28 sí 500, wọ́n ṣàtúnṣe, àmọ́ wọn ò mú un dọ́gba.

Níbi tí mo fẹ́ ká jókòó sí dáadáa ni ọ̀rọ̀ júrì, àwọn ará ìlú tí wọ́n máa ń kó jọ, èèyàn 12, tí wọ́n á sọ bóyá ẹni náà jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Kí wọ́n tó yan 12 yẹn, wọ́n á pe èèyàn tó pọ̀, lọ́yà méjèèjì á sì lẹ́tọ̀ọ́ láti lé iye kan kúrò láìsọ ìdí. Láìsọ ìdí! Ìwọ náà ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ní 1986, nínú kéèsì Batson, kóòtù tó ga jù sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ torí àwọ̀ lé ẹnikẹ́ni mọ́, tí wọ́n bá fura sí lọ́yà ìjọba, kó sọ ìdí míì. Ló bá di pé wọ́n ń wá ìdí.

Ọdún kan péré lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ṣẹjọ́ Timothy Foster ní Georgia, ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú tó pa ìyá àgbà òyìnbó kan. Pé ó pa á, ìyẹn kọ́ là ń jà lé lórí. Gbogbo aláwọ̀ dúdú tó kù nínú àwọn tí wọ́n lè yàn ni lọ́yà ìjọba lé, júrì tó dájọ́ ikú fún un wá jẹ́ òyìnbó látòkè délẹ̀. Wọ́n bi lọ́yà, ó ka ìdí kalẹ̀ wọ̀ǹtìwọnti, ó ní ti àwọ̀ kọ́. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tóun lé, ọjọ́ orí ẹ̀ sún mọ́ ti Foster jù. Ọmọ ọdún 34 ni obìnrin yẹn, Foster ò tíì pé 20. Àwọn òyìnbó mẹ́jọ tí wọn ò tíì pé ọdún 36 wà níbẹ̀ tí kò lé, méjì nínú wọn sì jókòó sí júrì.

Kò sẹ́ni tó lè fìdí ohunkóhun múlẹ̀ títí di 2006, nígbà tí àwọn lọ́yà Foster fi òfin tó ní ìwé ìjọba kì í ṣe awo gba fáìlì lọ́yà ìjọba jáde. Wọ́n ṣí i. Orúkọ gbogbo aláwọ̀ dúdú tó wà lórí lísìtì náà, wọ́n ti fi àwọ̀ ewéko kùn ún kó lè hàn kedere, wọ́n sì kọ àlàyé síbẹ̀ pé ohun tí àwọ̀ yẹn dúró fún ni aláwọ̀ dúdú. Lẹ́tà B wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ìwé míì tún wà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọn ò fẹ́ rárá sí, mẹ́fà ni wọ́n, márùn-ún tó ṣáájú jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka ìdájọ́ yẹn mo gbé e sílẹ̀ ná kí n mí. Kì í ṣe torí pé wọ́n ṣe é, torí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni! Ẹni tí ẹnì kankan ò ní bi léèrè ló máa ń kọ irú ẹ̀ sílẹ̀. Ní 2016, méje sí ọ̀kan, kóòtù tó ga jù ní kí wọ́n wó ẹjọ́ yẹn. Ní 2019 wọ́n tún wó ti Curtis Flowers ní Mississippi, tí lọ́yà ìjọba kan náà gbé lọ sí kóòtù lẹ́ẹ̀mẹ́fà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tó sì lé 41 nínú aláwọ̀ dúdú 42 tó láǹfààní láti lé.

Obìnrin náà jẹ nínú ọ̀rọ̀ júrì yìí o, ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Gwendolyn Hoyt pa ọkọ ẹ̀ ní Florida ní 1957, júrì tó gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ jẹ́ ọkùnrin nìkan. Òfin Florida ní wọn ò ní pe obìnrin sí júrì àfi tó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀, ọkùnrin ní tiẹ̀ wọ́n á kàn pè é ni. Obìnrin yìí ní ká ní obìnrin wà níbẹ̀ ni, wọn ì bá mọ ohun tójú òun rí nílé ọkọ. Ní 1961, kóòtù tó ga jù, ọkùnrin ni gbogbo wọn, ní kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ó di 1975 kí wọ́n tó yí i padà, ó sì di 1994 kí wọ́n tó sọ pé lọ́yà ò gbọ́dọ̀ torí pé èèyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin lé e.

Èyí ló gbé mi dé ibi tí ẹni kejì nínú kíláàsì yín ti sọ òótọ́. Ìṣòro obìnrin nínú òfin kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ẹ̀. Aṣọ ọkùnrin ni wọ́n rán, wọ́n wá ní kó wọ̀ ọ́. Mú ti ẹni tó pànìyàn torí wọ́n mú un bínú. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, wọn ò ní pè é ní ìpànìyàn gidi tó bá jẹ́ pé ojú ẹsẹ̀ ni inú bí i tó sì ṣe é, wọ́n bú u, ó gbaná jẹ, ó lù ú pa. Báyìí lọkùnrin méjì ṣe ń jà. Kiranjit Ahluwalia, ọdún mẹ́wàá lọkọ ẹ̀ fi ń lù ú, lálẹ́ ọjọ́ kan ní 1989 ó dúró títí ọkùnrin náà fi sùn, ó da pẹtiróòlù, ó ṣáná sí i. Wọ́n ní ṣebí ó ti sùn, ìbínú ojú ẹsẹ̀ dà? Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún un. Bẹ́ẹ̀ obìnrin tí agbára ẹ̀ ò tó ti ọkọ ẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ kó gbẹ̀san, ìgbà tó ń lù ú lọ́wọ́? Ní 1992 kóòtù kòtẹ́milọ́rùn da ìdájọ́ náà nù, torí àwọn dókítà jẹ́rìí sí ohun tí lílù yẹn ti ṣe sí ọpọlọ ẹ̀, ó sì jáde lọ́dún yẹn. Àmọ́ òfin fúnra ẹ̀, 2009 ni wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò pọn dandan kí ìbínú náà jẹ́ ti ojú ẹsẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n náà bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin tó wà lẹ́wọ̀n àti àhámọ́ ní 1980 jẹ́ nǹkan bí 26,000, nígbà tó fi máa di 2019 wọ́n ti lé ní 220,000. Inú ilé tí wọ́n yàwòrán ẹ̀ fún ọkùnrin ni wọ́n kó wọn sí. Aláboyún tó ń rọbí, wọ́n á fi ṣẹkẹṣẹkẹ de ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni pé ó máa sá. Òfin tó ní kí ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ jáwọ́ nínú ẹ̀, 2018 ló jáde, ìyẹn ò sì dé ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹlẹ́wọ̀n ti wà láti 1955, àmọ́ ọdún 55 gbáko ló gbà kí wọ́n tó ṣe tobìnrin, èyí tí wọ́n ń pè ní Bangkok Rules, ní 2010, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí wọ́n fún obìnrin ní páàdì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún 55 kí ẹnì kan tó rántí pé ẹlẹ́wọ̀n ń ṣe nǹkan oṣù.

Obìnrin aláwọ̀ dúdú wá ńkọ́, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wà nínú méjèèjì? Wo Celia, ẹrú ní Missouri. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí ọ̀gá ẹ̀ rà á, ọ̀gá yìí sì ń fipá bá a lò pọ̀ fún ọdún márùn-ún. Ní 1855, lálẹ́ tó tún wá, Celia la igi mọ́ ọn lórí, ó kú. Òfin Missouri nígbà yẹn sọ pé obìnrin èyíkéyìí lè gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fipá bá a lò, èyíkéyìí ni wọ́n kọ. Lọ́yà ẹ̀ bẹ adájọ́ pé kó ka òfin yẹn fún júrì, adájọ́ kọ̀. Celia fúnra ẹ̀ ò lè jẹ́rìí, torí ẹrú ò lè jẹ́rìí ta ko òyìnbó. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ yẹn wúlò. Wọ́n yẹgi fún un nínú oṣù Kejìlá ọdún yẹn.

Láti 1930 sí 1967, ọkùnrin 455 ni wọ́n pa ní Amẹ́ríkà fún ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀, 405 nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Tó o bá wo iye yẹn, wàá rò pé obìnrin ni wọ́n ń dáàbò bò. Àmọ́ ní 1944, ní Abbeville ní Alabama, nígbà tí àwọn ọkùnrin òyìnbó mẹ́fà jí Recy Taylor, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, gbé lójú ọ̀nà bó ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ tí wọ́n sì fipá bá a lò, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé e dé iwájú júrì tó ń pinnu bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kò sẹ́jọ́. Rosa Parks, ìyẹn Rosa Parks tó kọ̀ láti dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì, ló lọ ṣèwádìí ẹ̀. Ìpínlẹ̀ náà tọrọ àforíjì ní 2011. Ìyá náà ti dàgbà gan-an nígbà yẹn.

O lè bi mí pé ṣé kóòtù ò mọ gbogbo èyí ni. Wọ́n mọ̀. Ní 1987, Warren McCleskey, aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún, gbé ìwádìí lọ bá wọn lórí kéèsì tó lé ní 2,000 ní Georgia, tó fi hàn pé ẹni tí wọ́n bá ní ó pa òyìnbó, ìlọ́po 4.3 ni ó fi ṣeé ṣe kí wọ́n dájọ́ ikú fún un ju ẹni tó pa aláwọ̀ dúdú lọ. Kóòtù ò jiyàn iye náà. Wọ́n kàn ní kó fi hàn pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ojúsàájú sí òun gan-an, márùn-ún sí mẹ́rin. Wọ́n pa á ní 1991. Adájọ́ Lewis Powell tó kọ ìdájọ́ yẹn, lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, wọ́n bi í bóyá ìbò kan wà tó wù ú kó yí padà, ẹjọ́ McCleskey ló dárúkọ.

Ohun kan wà tó ń fún mi nírètí díẹ̀. Ní 2017 David Lammy, aṣòfin kan níbẹ̀, ṣe àyẹ̀wò fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àwọn ẹ̀yà tó kéré níye, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n jẹ́ láàárín ìlú, ìdá 25 lẹ́wọ̀n. Ojúsàájú fara hàn níbi púpọ̀, àmọ́ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ júrì, kò rí i, bí wọ́n ṣe ń dá òyìnbó lẹ́bi náà ni wọ́n ń ṣe sí àwọn yòókù. Èèyàn 12, oríṣiríṣi, nínú yàrá kan, tí wọ́n ní láti sọ ìdí fún ara wọn. Ẹ̀yin ẹ lọ fi ìyẹn wé ọlọ́pàá tó ń fa ìlà sínú àpótí.

Ní ti prọ́jẹ́ẹ̀tì ẹ, má kọ "ìyà obìnrin àti aláwọ̀ dúdú", ó ti fẹ̀ jù, wọ́n á dá a padà fún ẹ. Mú ibi kan ṣoṣo tí ìpinnu ti ń wáyé, béèlì tàbí yíyan júrì, kó o tọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ júrì lo mú, Hoyt ni kó o kọ́kọ́ kà, kò gùn, ìrọ̀lẹ́ kan ti tó. Tó o bá dé ibi tí wọ́n ti sọ pé obìnrin ṣì ni gbogbo ilé rọ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí ìpínlẹ̀ fi lè fi í sílẹ̀ kó jókòó sílé ẹ̀, dúró níbẹ̀, lọ wo orúkọ àwọn adájọ́ tó fọwọ́ sí i.